Gígé owó iná àti omi: ibo ni kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn?

Nígbàkígbà tí àsìkò ìṣírò owó ìlú bá tó, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde: owó tí ìjọba ń ná lórí iná àti omi ti pọ̀ jù, kí àwọn aṣòfin gé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, FMI fọwọ́ sí nǹkan bí 390 mílíọ̀nù dọ́là fún Tógò, àdéhùn sì ni pé kí àlàfo tó wà láàárín owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde máa dínkù. Àwọn 113 dépútéè wa ló máa dìbò sí ìṣírò náà. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ìjọba bá ń bá gbogbo èèyàn san díẹ̀ lórí iná, ta ló ń jẹ ẹ́ jù? Ẹni tó ní climatiseur mẹ́rin nílé ni. Ẹni tó ní gílóòbù méjì rí ìwọ̀nba. Ẹni tí wáyà CEET kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Irú owó bẹ́ẹ̀, àwa náà gbà kí wọ́n gé e.

Ṣùgbọ́n owó mìíràn wà. Ní 2019, ìjọba dá Chèque CIZO sílẹ̀: 2.000 FCFA lóṣù fún ìdílé tó ń san owó iná oòrùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé iná yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ní 2030. Bí wọ́n bá gé irú owó yìí, abúlé ló máa kọ́kọ́ ṣókùnkùn.

Ẹ wo omi ní Bè-Kpota níbí. Ẹni tí kò ní robinet TdE, kànga tàbí forage aládùúgbò ló ń lò. Ẹni tó ń fi garawa ra omi ń san ju ẹni tó ní robinet lọ. Tí kànga bá sì sún mọ́ ṣaláńgá, owó oògùn tún dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé owó ọ̀pá omi, ìnáwó yẹn kò parẹ́ o. Ó kàn kúrò nínú ìwé ìjọba, ó bọ́ sórí ìyá tó ru garawa.

Ní Nàìjíríà, oṣù kẹrin 2024, iná àwọn tó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí 225 lórí kilowatt-heure kan. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹ̀hónú hàn. Níbí, owó iná gòkè ní 2025. Ní oṣù kẹfà, àwọn èèyàn jáde sí ìgboro Lomé, owó iná sì wà lára ohun tó ń bí wọn nínú. Ará ìlú rí owó tó gòkè, wọn kò rí ohun tí wọ́n fi ṣe.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí wọ́n gé ìrànwọ́ àwọn tó ń lo iná púpọ̀. Kí wọ́n gé mọ́tò olówó ńlá, owó ìrìn àjò, àti ètùdù tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún tí a kò rí ọ̀pá kan. Kí wọ́n fi ọ̀pá omi, wáyà abúlé àti àtúnṣe sílẹ̀.

Bí dépútéè yín bá dé, ẹ má bi í pé mélòó ni wọ́n dìbò fún nìkan. Ẹ bi í pé robinet mélòó ló ń yọ omi.