Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Àwọn Ará Etí Omi?



Ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Wikipéédíà ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2001 ni a sì dá a sílẹ̀. Àwọn tí ń kọ ọ́ kò gba owó iṣẹ́: ẹnìkan a kọ tirẹ̀, ẹlòmíràn a tún un ṣe. Ó wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, àwọn ọmọ wa kan sì ti kó ara wọn jọ láti máa kọ ọ́. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn wá.

Ẹni tí ó bá wá Agọ́-Ìwòyè níbẹ̀ kò ní ṣàì rí nǹkan kà, nítorí Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1982, tí a sì fún ní orúkọ Ọlábísí Ọnàbánjọ ní 2001, ti sọ ìlú náà di mímọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó náà ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ogun Waterside ńkọ́? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 72,935 ènìyàn níbẹ̀. Iye yìí àti ìwọ̀n ilẹ̀ wọn ni àlejò sábà máa ń bá pàdé. Abígí tí í ṣe olú ìlú wọn, Ìbíadé, Ayílà, àwọn Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ọ̀sà kan náà, gbogbo wọn dà bí ẹni pé wọn kò sí. Ìwopin ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé iṣẹ́ pépà kalẹ̀ sí ní àwọn ọdún 1970. Ẹ wò ó, ìlú tí a fẹ́ máa ti ṣe pépà ni pépà kò rántí!

Àwọn kan ń fi ẹ̀sùn kan òfin ìwé náà, pé kò gba ohun tí a kò bá tíì tẹ̀ jáde níbòmíràn. Wọ́n ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá wa kò tó ni?” Àwa kò bá wọn lọ. Bí kò bá sí òfin yẹn, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ì bá ti kọ ara rẹ̀ ní àgbà fún èkejì, a ó sì máa jà títí di òní olónìí. Àwa ni ó jẹ̀bi, tí a kò tẹ ìwé. Onadele Epega tẹ ìwé ìtàn Ìjẹ̀bú jáde ní 1919, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ̀wọ́n. Kí ni àwáwí tiwa?

Nítorí náà, a ti pinnu láti fi ojú ewé méjì sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà etí omi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbọ́ ọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjì bá ti yàtọ̀, a ó tẹ méjèèjì. A kò ní gba oríkì olówó tàbí ti olóṣèlú. Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ní ìwé àjọ̀dún ìjọ, tàbí àwòrán ọjà àtijọ́, kí ó mú un tọ akọ̀wé wa wá. A ó dá a padà fún un láì bàjẹ́.