Òkè Shere Kì í Ṣe Ibi Àríyá

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ọgbà yìí, a kí yín kú ìmúra ìrìn-àjò òkè Shere. A gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ti ń gba owó aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ti rí jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé gbohùngbohùn. A ò bá fàájì jà. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́?

Àwa tí à ń kọ èyí wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kúlà ìrẹsì ni àwa kó. Àpò píọ̀ wọ́tà méjì péré fún ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ó tán kí oòrùn tó kàn àtàrí. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgọ́, ọmọ tuntun kan láti Ìbàdàn, tó wọ sílípáàsì, yọ̀ lórí àpáta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. Kò sí báńdéèjì. Gèlè la fi dì í. Àwọn ọkùnrin ń pọ̀n ọ́n ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Jos lóṣù Kejìlá, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ti òtútù wá burú jù. Ẹ̀bi àwa tí wọ́n bí sí Jos ni. Ẹ máa ń fi Yorùbá wa tó ní ohùn Haúsá ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà ń fi òtútù ṣe yín ní yẹ̀yẹ́, a ò sì sọ fún yín pé kí ẹ mú kúbùsù. Ìlú Jos ti ga ju 1,100 mítà lọ; òkè Shere ga tó 1,829. Lóru ọyẹ́, ọmọ Ìbàdàn yẹn ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kí owó náà ra omi, lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àti tọ́ọ̀ṣì, àti báńdéèjì. Kí ẹni méjì kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ abúlé ìsàlẹ̀ òkè, kí wọ́n béèrè bí ààbò ṣe rí, kí wọ́n sì wá ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wa àti ọjọ́ tí a óò padà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò lọ. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó tètè sọ, eruku ọyẹ́ kò mojú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ní kúbùsù méjì, kó mú ọ̀kan wá fún àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ Ìbàdàn wa ní òun á tún lọ. Ó ti ra kánfáàsì.