Ẹ̀bùn Nàìjíríà Tí Kò Gbọ́ Èdè Nàìjíríà

Àríyá ti tán, wọ́n ti ká àga, àwòrán ẹni tó borí sì ti yí gbogbo ìwé ìròyìn po. Oyin Olugbile ló gba Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2025, ó sì gba 100,000 dọ́là, owó tó lé ní 100 mílíọ̀nù náírà. A bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Ó ṣiṣẹ́, ó sì jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa orúkọ rẹ̀ wọ inú ìjà tí a fẹ́ jà yìí.

Ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG tó gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀ la ń bá jà. Ìwé tó borí yẹn, Sanya, ìtàn Ṣàngó ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Ṣàngó yìí, èdè Yorùbá ni àwọn baba ńlá wa fi sọ ìtàn rẹ̀ kó tó dé etí aráyé. Yorùbá ni àwọn adóṣù Ṣàngó fi ń kì í ní Ọ̀yọ́ títí di òní. Yorùbá náà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà gbé sẹ́nu, tí wọ́n fi ń pè é nínú oko ìrèké. Ká wá ní ọmọ Yorùbá kan jókòó lónìí, kó fi èdè yẹn gan-an kọ ìtàn Ṣàngó tó dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá a padà. Ṣàngó lè wọ gbàgede ẹ̀bùn yìí. Èdè Ṣàngó ni kò gbọdọ̀ wọ ọ́.

Bó ti rí nìyẹn láti 2004. A ti wo àwọn ìwé tó gba ẹ̀bùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé àwọn ọmọdé. Kò sí ẹyọ kan tí wọ́n kọ ní Yorùbá. Kò sí ẹyọ kan ní Haúsá, kò sí ní Ígbò, kò sí ní Ẹ̀dó, kò sí ní Tiv. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn pátá. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà, kò sì tíì sí èdè Nàìjíríà kan tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbà mẹ́ta ni àwọn adájọ́ jókòó, tí wọ́n dìde, tí wọ́n ní àwọn ò rí ìwé tó yẹ: 2004, 2009 àti 2015. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí 2009, torí pé ewì ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ lọ́dún náà. Wọ́n wo àwọn ewì tó dé iwájú wọn, wọ́n ní kò sí èyí tó kún ojú òṣùwọ̀n. Lọ́dún tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, Adébáyọ̀ Fálétí, àgbà akéwì Yorùbá, ṣì ń mí. Lánrewájú Adépọ̀jù ń mí, ẹni tí ohùn rẹ̀ ti gba orí rẹ́díò àti àwo dé gbogbo ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ wà níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tó bí irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń kéde fún aráyé pé kò sí akéwì lọ́dún náà. Ní 2004 tó jẹ́ ọdún ìtàn àròsọ, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ Ó Le Kú àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó kọ Àjà Ló Lẹrù wà láàyè, ara wọn le, ọpọlọ wọn pé. A kò sọ pé kí wọ́n fún ìwé àtijọ́ wọn lẹ́bùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn, kó ní, Bàbá, ẹ kọ tuntun wá, a ń retí yín. Fálétí lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018, Òkédìjí ní 2019, Adépọ̀jù ní 2023. Àtúnṣe yòówù kí wọ́n ṣe lọ́la, kò lè kàn wọ́n mọ́. Ìyẹn la ò lè fojú fò.

Ó sì tún dùn wá wọra nítorí pé ìdíje ló bí àwọn ìwé èdè abínibí ńláńlá nílẹ̀ yìí. Pita Nwana kọ Omenuko ní Ígbò, ìdíje ló fi gbégbá orókè ní 1933. Láti inú ìdíje tí ìjọba ṣe lókè Ọya láàárín ọdún yẹn ni Ruwan Bagaja tí Abubakar Imam kọ ní Haúsá ti jáde. Ìdíje ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ni D. O. Fágúnwà kọ̀wé fún tí a fi rí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Ìṣọ̀lá kọ, ìdíje tí Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe ní 1966 ló kọ́kọ́ gbé e jáde kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọdún wọ̀nyẹn dáadáa. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló wà lórí àga nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn tó wá kó wa lẹ́rù rí i pé ó tọ́ kí wọ́n fún ẹni tó kọ̀wé ní èdè rẹ̀ lówó àti iyì. Àwa tí a gba òmìnira ní 1960, a fi ẹ̀bùn ìwé tó tóbi jù lọ lórílẹ̀-èdè wa sábẹ́ àgádágodo, a sì fún Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́kọ́rọ́.

Níbo ni owó náà ti ń wá pàápàá? Gáàsì tí ilé-iṣẹ́ NLNG ń sọ di olómi ní Bonny ló ń pa á. Ìpín 49 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà, tiwa ni, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ló ń bá wa mú un dání. Ní erékùṣù Bonny yìí kan náà, àwọn onílẹ̀ ní èdè tiwọn, Ìbání, èdè tó ti ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Tí ọmọ Bonny kan bá gbìyànjú lónìí, tó kọ ewì ní Ìbání kó má bàa parun, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi gáàsì ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ san kò ní wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó àdáni ni, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe, ìdáhùn wa kò gùn: kí wọ́n yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n pè é ní ẹ̀bùn ìwé Gẹ̀ẹ́sì. A ò ní bá wọn wí mọ́.

Àwáwí tí a ń gbọ́ ni pé èdè Nàìjíríà lé ní 500, pé adájọ́ wo ló fẹ́ ka gbogbo wọn. A gbà pé iṣẹ́ náà kò rọrùn, a sì gbà pé ilé-iṣẹ́ náà ti ná owó gidi lórí ìwé nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ olówó kò ra ìwé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá wà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, tó ń fi èdè Yorùbá gbé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ Haúsá wà ní Kánò, ti Ígbò wà ní Nsukka. Ṣé àwọn tó tó fún oyè ọ̀mọ̀wé ni kò ní tó láti dá ìwé ìtàn tó dára mọ̀? Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n kó 500 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè ka ọgọ́rùn-ún tó ní òun ò ní ka ẹyọ kan, kò fẹ́ kàwé ni.

Ní Kẹ́ńyà àti Tanzania, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páànù ìbolé ló gbé owó kalẹ̀ láti 2014 fún ìwé tí wọ́n kọ ní Swahili. Páànù lásán o, kì í ṣe gáàsì. Ẹ̀bùn Noma tí ará Japan kan dá sílẹ̀ fún ìwé Áfíríkà gba èdè wa láàyè. Ní 1984, Gakaara wa Wanjaũ tó fi Gikuyu kọ̀wé wà nínú àwọn tó gbà á. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, lórí ẹ̀bùn International Booker ní 2021, fi ìwé Ngũgĩ wa Thiong'o tó kọ ní Gikuyu, tó sì fúnra rẹ̀ túmọ̀, sínú àwọn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Ngũgĩ kú ní Oṣù Karùn-ún 2025. Ọ̀pọ̀ àwọn òǹkọ̀wé wa ló kọ ọ̀rọ̀ ìdárò, tí wọ́n ń yìn ín pé ó padà sí èdè ìyá rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n pín ẹ̀bùn tí Ngũgĩ kò ní lè du ká ní ọmọ Nàìjíríà ni.

Kì í ṣe àwọn tó gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi, ìjọba náà wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èdè Yorùbá láti 2018. A ń retí ọjọ́ tí òfin náà yóò ra ìwé Yorùbá kan lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún ìwé èdè abínibí, kí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá àti Ígbò bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi èdè kún un lọ́dọọdún, kí wọ́n sì sanwó fún ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé tó bá borí.

Láìpẹ́ yìí, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá sí ọ́fíìsì wa. Àpò Gáná-mọ́ṣògo ló gbé dání, ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tó kọ ló kún inú rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú. Ó yọ àwọn ojú ewé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún un hàn wá, ó tọ́jú wọn sínú fáìlì. Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé ti jẹ gbogbo àmì tán. Níbi tó ti kọ ọ́ pé ìyàwó fi ọkọ́ sílẹ̀ ó wọ ọkọ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n tẹ̀ ni pé iyawo fi oko sile o wo oko lo ba oko re. Bàbá náà fi báírò pupa fi àmì sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì padà sí Ṣómólú lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ. Ẹnìkan nínú wa ṣí ìwé náà láàárín, ó jókòó, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí bàbá ń lọ, ó béèrè lọ́wọ́ wa pé ẹ̀bùn wo ló wà nílẹ̀ yìí tí òun lè fi irú ìwé yìí du. A ronú títí. A dárúkọ Àtẹ́lẹwọ́ fún un, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò ní kànga epo, tí kò ní gáàsì, tí wọ́n ń fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn fún ìwé Yorùbá lẹ́bùn. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fáìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn mà ṣeun o. Àwọn àgbà ń kọ́?"