Ìyàwó Mi, O Kú Ọjọ́ Mẹ́ta

Oṣù tó kọjá ni ìyàwó àbúrò mi pè mí lóru, ní Peckham níbí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Ó rí ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ sí obìnrin kan lórí fóònù: "Ìyàwó mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fi owó yẹn ránṣẹ́." Ó fi Google túmọ̀ rẹ̀. "Ìyàwó mi" jáde ní Gẹ̀ẹ́sì gbangba, owó sì tẹ̀lé e. Ẹkún ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ti di ẹrù sínú báàgì.

Mo ní kó jókòó ná. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ n'Íbàdàn ni obìnrin náà, owó oògùn ìyá wọn ni wọ́n sì ń sọ. Nílé wa, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nínú agbo ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Èmi obìnrin yìí, ọkọ rẹ̀ ni mí; ìyàwó mi ni mo ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Ó ní òun rò pé mò ń fi òun ṣeré ni. Ó tú ẹrù rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Àǹtí mi, bí kò bá sí ohun tó burú níbẹ̀, kí ló dé tí kò sọ fún mi pé òun ń fi owó ránṣẹ́?"

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun tí àwọn ọmọ wa níbí ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, cheating, pè. Ẹni tó yan àlè gbé ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó dalẹ̀ ba májẹ̀mú jẹ́, ì báà ṣe láàárín tọkọtaya, ì báà ṣe láàárín ọ̀rẹ́. Nílé, àlè la máa ń ṣọ́ nínú ìgbéyàwó, ti obìnrin la sì ń ṣọ́ jù. Mágùn, oògùn tí àwọn àgbà ń sọ pé ó ń mú alágbèrè, ara ìyàwó ni wọ́n ń fi í sí; n kò gbọ́ ọ rí pé ìyàwó fi í sára ọkọ. Nínú Thunderbolt, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2001, ara obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan ni mágùn wà, nítorí pé ọkọ rẹ̀ fetí sí òfófó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó ti sàn jù wá lọ látilẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní England ní 1857 gbà kí ọkọ kọ aya rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àgbèrè nìkan. Bí ọkọ ló bá ṣe é, aya gbọ́dọ̀ tún wá ẹ̀sùn mìíràn kún un, bí ìwà ìkà. Ọdún 1923 ni wọ́n tó mú un dọ́gba. Títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, tí òfin tuntun gbà kí tọkọtaya tú ká láì ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ara wọn lọ́rùn, ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni kóòtù ń kà sí àgbèrè. Ìfẹnukonu kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ orí fóònù. Àwọn ọmọ ìwòyí fúnra wọn ló sún ààlà náà síwájú, tí wọ́n ń ka ohun tí ẹnì kejì bá fi pamọ́ fún wọn sí ilẹ̀ dídà.

Èmi fara mọ́ wọn, bí àwọn ẹgbẹ́ mi tilẹ̀ máa bínú.

Ọkùnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbí ní ìyàwó mìíràn nílé, àti ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ìyàwó rẹ̀ tó wà níbí kò mọ̀. Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó wá; ẹni tó bá sì ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ tó tún gbé ìyàwó mìíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún un. Nígbà tí àṣírí tú, ó dìde nínú ìpàdé, ó ká agbádá sí èjìká, ó ní: "Àṣà wa ni. Bàbá mi fẹ́ mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ìyálé ni ìyá mi. Alẹ́ tí wọ́n mú ìyàwó kejì bàbá mi wọlé, èmi ni mo gbé garawa omi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí dé àárín ọmọ ìka. Omi ṣàn lọ sábẹ́ bàtà àwọn tó ń kọrin. N kò sọ pé inú rẹ̀ dùn. Mo rí i lẹ́yìnkùlé tó ń fi etí ìró nu ojú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un kí ọjọ́ tó pé, ó ti sọ tẹnu rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì mọ̀. Àṣà tí ọkùnrin yẹn ń pè nìyẹn. Ohun tó lọ fi pamọ́ sílé, tí ìyálé kò gbọ́, kò lórúkọ nínú àṣà wa ju àlè lọ.

Mo lọ kí ìyàwó ọkùnrin náà tó wà níbí. Ó ní obìnrin yẹn kọ́ ló dun òun jù. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni ìyá ọkọ òun ń pe òun, tí wọ́n ń súre fún òun. Òun a máa gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn wọn, òun a sì béèrè pé, "Mọ́mì, ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ ará ilé kejì ni," ni wọ́n máa ń dá òun lóhùn.