Kẹ̀kẹ́ Márúwá Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ní ọjọ́sí, abiyamọ kan wá gba oògùn ikọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní dìsípẹ́nsárì wa ní Ìbàdàn níbí. Bí mo ti ń wọn oògùn náà fún un ni ó bi mí léèrè pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kò séwu bí mo bá háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá fún èmi àti àwọn ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́ fún ìkómọ?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, nítorí pé èmi pàápàá tí mo ń gba ènìyàn nímọ̀ràn ti dán an wò rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé Ọ̀yọ́ ni ara rẹ̀ kò yá. Ẹ sì mọ bí owó ọkọ̀ ti fò sókè láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo. Ọmọ aládùúgbò wa kan tí ń wa kẹ̀kẹ́ ní òun yóò gbé mi lọ ní owó pọ́ọ́kú. Ojú owó ni mo fi wo ọ̀rọ̀ náà, n kò fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó. Títí di ọjọ́ náà, n kò tí ì gun kẹ̀kẹ́ ju Mọ́kọ́lá sí Bódìjà lọ rí. Ọ̀yọ́ sì tó nǹkan bí 50 kìlómítà sí Ìbàdàn.

Títí a fi dé Mọ́níyà, ìgbádùn ni. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo jókòó bí ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn Mọ́níyà ni ojú mi là. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní ilẹ̀kùn, kò sì ní bẹ́líìtì tí a fi ń so ara mọ́ àga. Táyà rẹ̀ kéré, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni kòtò tí mọ́tò yóò gùn kọjá wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ ni tiwa ń kó sí. Bí tírélà bá kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ a máa ti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ igbó. Kí a tó dé Fìdítì, pajápajá ti mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, etí mi ń hó, èéfín àti eruku ti sọ ojú mi di pupa. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ọmọ tí mo lè bí.

Nígbà tí ó yá, mo gbójú, mo ní kí ó dúró ní Fìdítì. Bí mo ti ń na ẹsẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo rí i tí ó yọ nǹkan nínú àpò, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi omi inú ọ̀rá lé e. Mo bi í pé kí ni ó gbé mì. Ó ní, "Àǹtí, oògùn ẹ̀yìn ni. Gbogbo wa ni a ń lò ó ní páàkì." Mo gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Tramadol ni.

Ẹ̀rù tí ó bà mí ju ti tírélà lọ.

Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Láti ìdájí títí di alẹ́ ni ó ń tẹ̀ sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo kòtò ìgboro ń gbá a ní ìbàdí. Ta ni ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dùn? Tramadol pẹ̀lú kì í ṣe májèlé nínú ara rẹ̀. Dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n ó ń mú oorun kunni, ó ń mú òòyì kọ́ni, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè mú gìrì wá. Bí a bá fi paraga tàbí ọtí líle lé e, ó lè dín èémí kù títí tí èémí yóò fi dá. Ara a sì máa mọ́ ọn lára, èyí tí a fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀ yóò di mẹ́ta. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine àti kíkó o wọ̀lú, síbẹ̀ àpò àwọn awakọ̀ wa kò ṣófo. Ọ̀gágun Buba Marwa tí a fi orúkọ rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ yìí, nítorí pé òun ni ó mú un wọ Èkó nígbà tí ó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ láàárín 1996 sí 1999, òun kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí àjọ NDLEA tí ń gbógun ti oògùn olóró ní 2021. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Mo san owó rẹ̀ pé, mo sì ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà. Ó bínú gidigidi. Mo tẹ ìyá rẹ̀ láago, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wá wa kẹ̀kẹ́ padà. Èmi wọ bọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé olówó ni ń yan ọkọ̀. Òótọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgboro ni a ṣe kẹ̀kẹ́ fún, ibẹ̀ ni kí a fi í mọ. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ jìn díẹ̀ láàárín ìlú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti awakọ̀ níwájú, ẹ má sì gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò sí ilẹ̀kùn. Àárín ni kí ó jókòó. Kí aboyún sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń wú. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ gba òtútù, òùngbẹ kò sì gbọdọ̀ gbẹ ẹ́, nítorí náà ẹ mú aṣọ ìbora àti omi dání. Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ bi awakọ̀ pé nígbà wo ni ó sùn kẹ́yìn, àti pé kí ni ó lò. Yóò bínú. Ẹ bi í náà.

Abiyamọ ọjọ́sí gbà láti dúró de bọ́ọ̀sì. Ní ti ọmọ aládùúgbò wa, ìbínú rẹ̀ ti rọ̀. Ó wá sí dìsípẹ́nsárì, mo sì kọ lẹ́tà fún un kí ó lọ rí dókítà nípa ẹ̀yìn rẹ̀ àti nípa oògùn náà. Kò tí ì lọ. Mo rí i ní àná ní ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo bi í, ó ní ó di ọjọ́ Ajé.