Ẹ Bèèrè Iye, Ẹ Má Gba Àwòrán Nìkan



Ní yàrá àyẹ̀wò tí ó ṣì ń lo irinṣẹ́ àtijọ́, ẹ̀rọ méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá gbé wá. Èkíní ń wọn èròjà inú rẹ̀, bíi pọ́táṣì. Èkejì, tí ó ní kálámù, ń fa ìlà ohun tí èkíní wọ̀n sórí ìwé. Wáyà ni ó so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àṣìṣe lè wọ àárín àwọn méjèèjì, kí ó sì dà bí ẹni pé ilẹ̀ yín ni ó ní àrùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ń fi iná mílífóòtì 10 ránṣẹ́ nígbà tí ó bá wọ̀n dé góńgó, tí a sì yí ẹ̀rọ kálámù sí 100, ìlà náà kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga tí ó yẹ lọ. Ẹni tí kò bá fura yóò ní pọ́táṣì kò sí nínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ yóò sì náwó lórí ajílẹ̀ tí oko rẹ̀ kò fẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nínú èdè HP-GL tí ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ṣe, PU ni ‘gbé kálámù sókè’, PD ni ‘sọ ọ́ kalẹ̀’. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ ní eré 9600, tí èkejì ń gbọ́ ní 2400, rúdurùdu ni yóò jáde, tàbí kí kálámù má mì rárá.

Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe ra ẹ̀rọ tuntun láìdán an wò pẹ̀lú èyí tí ó wà nílẹ̀. Bí kálámù bá kọ iṣẹ́, kí a yẹ wáyà wò, lẹ́yìn náà eré, lẹ́yìn náà èdè, kí a tó pe ẹ̀rọ ní òkú. Bí ẹ̀rọ kálámù bá sì kú ní tòótọ́, kọ̀ǹpútà lè gba HP-GL náà kí ó yàwòrán rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ẹ bèèrè iye tí ẹ̀rọ ìwọ̀n fúnra rẹ̀ kà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n mọ iye pọ́táṣì inú rẹ̀ dán ẹ̀rọ méjèèjì wò. Àgbẹ̀ tí ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò kí ó tó ta kòkó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti yẹ ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ rẹ̀ wò.