Ibo ni wọ́n ń bu omi sí?

Àbúrò bàbá mi ń fi Corolla ná ọ̀nà Komu sí Ìsẹ́yìn. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná ò ti kúrò lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, wọ́n fi àwòrán Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ibo ni wọ́n ń bu omi sí lára eléyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò ní ẹ́ńjìnnì, kí ni wọ́n fẹ́ fi omi ṣe?

Ẹ̀rín aláìmọ̀kan gbáà ni. Bátìrì lithium ò fẹ́ ooru, bí àwa náà ò ṣe fẹ́ ẹ. Láàárín nǹkan bíi 15 sí 35 °C ni ara ẹ̀ máa ń yá jù. Bí iná bá ń wọ inú ẹ̀ tàbí tó ń jáde, ó ń gbóná; bí iná náà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí cháàjì oníkíákíá fi ń mú un gbóná ju cháàjì alaalẹ́ lọ. Nínú Tesla àti ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná mìíràn, omi tí wọ́n po mọ́ kẹ́míkà ló ń gba ara bátìrì kọjá, tó ń ru ooru lọ sí rédíétọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń ṣọ́ ọ: bó bá ti gbóná jù, á dín iná tó ń wọlé kù.

Àwọn Leaf tó ń wọlé bíi tòkunbọ̀ ò ní omi yìí. Atẹ́gùn ìta nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń jó èèyàn, àwọn tó kọ́kọ́ rà á ti ń ké ní 2012 pé bátìrì àwọn ń tètè gbó. Ẹ wá ro Òkè-Ògùn lóṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Kútọnu, àwọn oní-zémidjan tó ń gun ọ̀kadà oníná Spiro ń pààrọ̀ bátìrì ní ibùdó ni. Bí ooru bá bà á jẹ́, wàhálà ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ní tiwa, ẹni tó rà á ló máa jẹ ẹ́.

Èmi rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń ta mọ́tò oníná fi Yorùbá sọ ohun méjì fún oníbàárà: ṣé omi ń tu bátìrì ẹ̀, àti pé báwo lagbára ẹ̀ ṣe kù tó. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf, ilà kéékèèké 12 ló ń sọ ìyẹn. Àwa tá a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè, a lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí "ọkọ̀ oníná" àti "ọkọ̀ amúnáwá" (èyí tó jọ jẹnẹrétọ̀ létí mi), síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó kọ gbólóhùn méjì yẹn sílẹ̀ fún awakọ̀ kankan.

Mo pe àbúrò bàbá mi láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn ka ilà inú àwòrán yẹn. Mẹ́jọ ló kù. Corolla náà ni wọ́n ṣì ń wà, kẹ́ẹ̀gì omi sì wà ní búùtù.